Ọkọ̀ Ike Àtòpọ̀ àti Orúkọ Ẹ̀yà Ẹ̀rọ: Èrò Kan láti Ìkòròdú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ó kan iṣẹ́ tí ìwé àtìgbàdégbà yìí gbé lé èjìká ara rẹ̀. Ó jẹ́ nípa ọkọ̀ ìṣeré. Kì í ṣe irú èyí tí a ń rà ní odidi fún ọmọ tí yóò fọ́ ọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bí kò ṣe irú èyí tí a ń tò láti inú ègé ike kéékèèké, tí ó ní ọ̀pá, eyín àti èèkàn, tí ó sì ní jíà, sitíárì àti ṣọ́kù bí ọkọ̀ gidi. Ilé-iṣẹ́ LEGO ti ilẹ̀ Dẹ́nmárkì ni ó ń ṣe èyí tí ó lókìkí jù. Technic ni wọ́n ń pe ẹ̀ka yìí nínú iṣẹ́ wọn. Àgbàlagbà ni mí, mo sì ń tò wọ́n. Àwọn tí ó bá wá kí mi ní Ìkòròdú a máa béèrè ọmọ tí ó ni ín, n kò sì ṣe wàhálà àlàyé mọ́. Èrò mi ni pé kò sí ohun èlò mìíràn tí a lè rí ní ọjà tí ó yẹ fún dídán ọ̀rọ̀-ìperí ẹ̀rọ wò ní èdè Yorùbá bí ọkọ̀ àtòpọ̀ yìí, àti pé ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ó dára lójú ìwé ni kò ní yege bí a bá gbé e síwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìdánwò tí mo ní lọ́kàn. Ìṣísẹ̀ ìtòpọ̀ inú ìwé tí ń bá ọkọ̀ wọ̀nyí wá kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Àwòrán ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó ń sọ iye ègé tí a ó mú àti gígùn ọ̀pá. Nítorí náà, kò gbè lẹ́yìn èdè kankan: ará Jámánì, ará Japan àti ọmọ Ìjẹ̀bú kò ní àǹfààní lórí ara wọn. Kí ẹnì kan jókòó ti àwòrán náà, kí ó máa fi ẹnu sọ ohun tí ó rí. Kí ẹlòmíràn kọ ẹ̀yìn sí i, kí ó kó ègé sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, kí ó sì máa tò ó bí ó ti ń gbọ́ ọ. Yorùbá nìkan ni kí wọ́n sọ. Ibi tí ọwọ́ ẹni tí ń tò bá ti ṣì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti kù díẹ̀ káàtó. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó lè bá ike jiyàn. Bí eyín kò bá wọnú eyín, kò wọ̀ ọ́ náà ni.

Ìtàn irú ohun ìṣeré yìí kò nílò kí a gùn ún. Frank Hornby ti Liverpool gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí èyí tí ó di Meccano ní 1901; irin pẹlẹbẹ olójú-ihò ni, bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tù ni a fi ń dè é. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Ole Kirk Christiansen tí ó dá LEGO sílẹ̀ ní Billund ní 1932, igi ni ó sì kọ́kọ́ fi ń gbẹ́ ohun ìṣeré. Ọmọ rẹ̀, Godtfred, ni ó wá ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí ègé ike tí a mọ̀ lónìí, ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1958. Ní 1977 ni wọ́n mú ègé olójú-ihò, ọ̀pá àti eyín jáde fún àwọn tí wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà títí di òní, àlàfo láàárín ihò kan àti èkejì kò yí padà: milimítà 8 ni. Ìdúróṣinṣin yìí ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ tí mo ń bọ̀ wá sọ.

Ní ti ọkọ̀ wọ̀nyí fúnra wọn, ojú kan náà kọ́ ni mo fi ń wo gbogbo wọn. Ní 1980, wọ́n ṣe egungun ọkọ̀ kan, nọ́ńbà 8860, tí ègé rẹ̀ kò ju 668 lọ. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sí ohunkóhun tí ó bò ó. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, pístìnì rẹ̀ mẹ́rin dojú kọ ara wọn ní méjì-méjì. Jíà wà láàárín. Sitíárì wà níwájú. Àga sì ń sún. Ẹni tí ó bá tò ó tán lè fi ìka tẹ̀ lé ipá láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ó parí sí. Ẹ wá fi èyí wé Porsche 911 GT3 RS ti ọdún 2016, tí ó ní ègé 2,704, tàbí Bugatti Chiron ti ọdún 2018, tí ó ní 3,599. Jíà wà nínú àwọn náà, ó sì díjú ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tò wọ́n tán, a ti fi ike bò ó mọ́lẹ̀. Ẹwà ara ọkọ̀ ni a ń wò, bí ẹni tí ń wo mọ́tò olówó tí ó gba iwájú ilé kọjá. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọjà ni ọjà í jẹ́. Ní tèmi, egungun ọkọ̀ ọdún 1980 yẹn sàn fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ nǹkan ju méjèèjì lọ. Èyí tí mo rí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ so ìgbà méjèèjì pọ̀ ni 8880 ti ọdún 1994: kẹ̀kẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń wà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni sitíárì ń yí, síbẹ̀ ojú ṣì lè wọ inú rẹ̀.

Àti pé, bí ẹ bá dárúkọ 911 ní Ìkòròdú, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí Porsche. Lọ́rí Mercedes-Benz tí ń ru yanrìn ni wọn yóò rò, èyí tí àwọn kan fi egungun rẹ̀ kan mólúè nígbà tí mólúè ṣì gba ìgboro Èkó. Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi fà sí Arocs 3245, ọkọ̀ Mercedes-Benz tí LEGO ṣe ní 2015, tí ègé rẹ̀ jẹ́ 2,793. Típà ni. Ó ní apá tí ń gbé ẹrù, èyí tí afẹ́fẹ́ ń tì sókè, kẹ̀kẹ́ iwájú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọ ń yà nígbà tí a bá yí sitíárì. Ẹni tí ó bá dúró ní títì tí ó lọ láti Ìkòròdú gba Ìtoìkín dé Ẹ̀pẹ́ yóò rí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ń ru yanrìn kọjá láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ tí ó bá tò ó kò nílò kí a sọ fún un ohun tí a ń fi típà ṣe. Ó ku kí a sọ orúkọ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ fún un.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "jíà". Yorùbá ti gbà á wọlé tipẹ́, n kò sì sí lára àwọn tí ó fẹ́ lé e jáde. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹnu awakọ̀ àti ẹnu mẹkáníìkì ti fi nǹkan mẹ́rin há a lọ́wọ́. Bí awakọ̀ bá ní "mo fi í sí jíà kejì", ipò ìyára ni ó ń sọ. Bí mẹkáníìkì bá ní "jíà rẹ̀ ti káyín", eyín inú àpótí ni ó ń sọ. Bí ó bá ní "a ti sọ jíà rẹ̀ kalẹ̀", odidi àpótí ni. Bí ọ̀gá tí ń kọ́ni ní ọkọ̀ bá sì ní "di jíà mú", ọwọ́ tí a ń fà ni. Lábẹ́ ọkọ̀, kò sẹ́ni tí èyí ń rú lójú, nítorí pé ohun tí wọ́n ń sọ wà níwájú wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, tàbí fún ẹni tí ó kọ ẹ̀yìn sí àwòrán, ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan í fi ṣe.

Kí ni kí á wá pe kẹ̀kẹ́ tí ó ní eyín? Èsì tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn onímọ̀ èdè ni "kẹ̀kẹ́ eléyín", kò sì sí àléébù kankan nínú ìhun rẹ̀. Mo dán an wò pẹ̀lú ọmọ ọdún 12 kan nínú ẹbí mi. Fún bí ìṣísẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ lọ déédéé. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ń ka àwòrán fún un, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, bẹ̀rẹ̀ sí gé ọ̀rọ̀ kúrú, bí ẹnu ti máa ń ṣe: "mú kẹ̀kẹ́ kékeré kan", "fi kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀". Ọmọ náà mú kẹ̀kẹ́ onítàyà. Kò ṣẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni a ń pe èyí tí ń yí nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni básíkù, kẹ̀kẹ́ sì ni Márúwá tí a sọ lórúkọ ọ̀gá ológun tí ó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn akẹgbẹ́ mi pé kí a má ṣe dán ọ̀rọ̀-ìperí wò ní gígùn rẹ̀ nìkan. Kí a gé e kúrú bí ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ti gé e, kí a wá wò ó bí ìtumọ̀ rẹ̀ bá ṣì kù. Bí a bá pe ohun náà ní "eléyín" láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí a ó gé. Eléyín 8, eléyín 24, eléyín 40: a mọ èyí tí a ń wí. Kí "jíà" máa jẹ́ ipò ìyára, kí "àpótí jíà" àti "ọwọ́ jíà" máa jẹ́ tiwọn, kí "fíríì" sì dúró bí àwọn awakọ̀ ti ń pè é nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ kò sì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní kété tí a bá ti ní "eléyín" lọ́wọ́, ìṣirò tẹ̀ lé e láìsí wàhálà. Bí eléyín 8 bá ń yí eléyín 24, kékeré yóò yípo lẹ́ẹ̀mẹta kí ńlá tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Ìyára dín sí ìdá mẹ́ta, ipá ìyí sì di ìlọ́po mẹ́ta, bí a bá yọwọ́ díẹ̀ tí ìfarahọra eyín ń gbà. Ohun mìíràn tún wà tí ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Nínú eléyín pẹlẹbẹ LEGO, bí a bá pa iye eyín méjì tí ó wọnú ara pọ̀, tí a sì dá a sí méjì, iye milimítà tí ó wà láàárín ọ̀pá méjèèjì ni a rí yẹn. 8 àti 24 jẹ́ 32; ìdajì rẹ̀ ni 16; ihò méjì gẹ́ẹ́ nìyẹn, nítorí pé ihò kan jẹ́ 8. 16 àti 16 bẹ́ẹ̀. 12 àti 20 bẹ́ẹ̀. 8 àti 40 jẹ́ 48, ìdajì rẹ̀ ni 24, ihò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n 16 àti 24 jẹ́ 40, ìdajì rẹ̀ ni 20, èyí tí kò bọ́ sí ojú ihò kankan lórí ìlà tààrà. Ọmọ náà rí èyí fúnra rẹ̀, ó ní "wọn ò lè fẹ́ra". N kò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tí ó ń sọ yé e. Yorùbá ni ó fi ronú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èèkàn kò ní gba àyè púpọ̀. Oríṣi méjì ni ó wà nínú àwọn tí a ń lò jù. Èyí dúdú le nínú ihò: bí a bá fi so ègé méjì pọ̀, wọn yóò dúró sí ibi tí a bá fi wọ́n sí. Èyí aláwọ̀ eérú ń yọ̀: ohun tí a bá fi so pọ̀ yóò máa yí. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ wọn, sitíárì rẹ̀ yóò gan. "Èèkàn adúró" àti "èèkàn ayí" tó wọn. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú èdè wa láti ìgbà tí a ti ń so ẹran mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan dábàá "ìṣó ike", n kò sì fara mọ́ ọn, nítorí pé ìṣó ni a ń gbá wọlé tí kì í sì í fẹ́ jáde, nígbà tí gbogbo ẹwà ohun ìṣeré yìí wà nínú pé a lè tú u palẹ̀ ní alẹ́ kí a tún un tò ní òwúrọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí pẹ́ díẹ̀ ni àárín ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn, níbi tí ipá láti inú jíà ti ń bọ́ sí kẹ̀kẹ́ òsì àti ọ̀tún. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é ní dífárẹ́ńṣà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà, kẹ̀kẹ́ tí ó wà ní ìhà òde ń rin ọ̀nà tí ó gùn ju ti ìhà inú lọ; bí ọ̀pá kan ṣoṣo bá so méjèèjì, ọ̀kan níláti máa wọ́ nílẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré yìí ni ó yanjú ọ̀ràn náà. Àpótí kan ni, eléyín onígun wà nínú rẹ̀. Ẹ yí àpótí náà lẹ́ẹ̀kan: bí ilẹ̀ bá gba kẹ̀kẹ́ méjèèjì bákan náà, olúkúlùkù yóò yípo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ di ti òsì mú, kí ẹ tún yí àpótí lẹ́ẹ̀kan: ti ọ̀tún yóò yípo lẹ́ẹ̀mejì. Ohunkóhun tí ó wù kí kẹ̀kẹ́ méjèèjì ṣe, bí a bá pa ìyípo wọn pọ̀, ìlọ́po méjì ìyípo àpótí ni yóò jẹ́.

Mo gbé èyí lọ sí ìsọ̀ mẹkáníìkì kan ní Sábó ní Ìkòròdú, mo fi í lé ọmọ iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Kò rí irú ohun ìṣeré yìí rí. Ó di kẹ̀kẹ́ kan mú, ó yí àpótí, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pe ẹnì kejì rẹ̀ pé: "Wò ó, ó ń pín in fún wọn." Láti inú gbólóhùn yẹn ni mo ti mú ọ̀rọ̀ tí mo ń dábàá: apín-ìyípo. Bí a bá jókòó ti tábìlì, a lè ṣe odindi gbólóhùn fún un, "ẹ̀rọ tí ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn méjì yí ní ìyára ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀", tí kò sí ọmọ iṣẹ́ tí yóò sọ ọ́ parí kí ọ̀gá rẹ̀ tó fi sípánà sọ ọ́ lókò.

Àwọn kan lè ní kí a kúkú pè é ní apín-agbára. Kí ẹ má gbà fún wọn. Ìyípo ni ẹ̀rọ yìí ń pín ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ipá ìyí tí ó ń fún kẹ̀kẹ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní gbogbo ìgbà. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àṣerégèé onímọ̀. Ní ìgbà òjò, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ tàbí Ìgbógbó kọjá lè rí típà tí ó rì sínú ẹrẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn kan ń pòòyì, ó ń ta ẹrẹ̀ sára àwọn tí ń tì í. Èkejì wà lórí ilẹ̀ líle, ó sì dúró gbári bí ẹni pé ọ̀ràn náà kò kàn án. Kí ló dé tí èyí tí ó wà lórí ilẹ̀ líle kò fi gbé ọkọ̀ jáde? Nítorí pé èyí tí ó wà nínú ẹrẹ̀ kò rí nǹkan tẹ̀ mọ́, ipá tí ó lè gbà kéré. Ipá èkejì kò sì lè ju tirẹ̀ lọ. Gbogbo ìyípo wá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò lè lò ó. Bí a bá kọ́ ọmọ pé agbára ni a ń pín, kò ní lóye ohun tí ó rí ní ojú ọ̀nà yẹn láéláé. Bí a bá kọ́ ọ pé ìyípo ni, yóò lóye rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Orúkọ tí kò tọ̀nà a máa di ẹ̀kọ́ tí kò tọ̀nà.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé ike Dẹ́nmárkì kò lè ṣini lọ́nà. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Technic tí kò ní mọ́tò iná, kẹ̀kẹ́ ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. A ó ti ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ yóò yí, ọ̀pá yóò yí kíránkì, kíránkì yóò sì máa ti pístìnì lọ sókè-sódò. Ti ọkọ̀ gidi kò rí bẹ́ẹ̀: epo tí ń jó ni ó ń ti pístìnì, pístìnì ni ó sì ń yí kíránkì. Ẹni tí ó bá fi ohun ìṣeré nìkan kọ́ ẹ́ńjìnnì yóò gbé ìdí ọ̀ràn lé orí rẹ̀. Èyí ni mo fi ń ṣiyèméjì nípa "ọmọ odó" tí àwọn kan fẹ́ràn fún pístìnì. Àwòrán rẹ̀ dùn: odó dúró, ọmọ odó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó ń ti ọmọ odó, ohun tí ó wà nínú odó ni ó sì ń jìyà rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì, ohun tí ó wà nínú odó ni ó ń ti ọmọ odó jáde. Ọ̀rọ̀ náà bá ohun ìṣeré mu ju ẹ́ńjìnnì lọ. Títí a ó fi rí èyí tí ó sàn jù, mo fara mọ́ "pístìnì" tí gbogbo ìsọ̀ ń pè.

Wọn yóò sọ fún mi pé ohun ìṣeré olówó iyebíye ni èyí, àti pé ọmọ ilẹ̀ yìí ti ń ṣe ọkọ̀ tirẹ̀ kí LEGO tó dé. Òtítọ́ ni. Agolo mílíìkì, agolo sadíìnì, ìdérí ìgò, bàtà sílípáàsì tí a gé róbótó ṣe kẹ̀kẹ́, inú imọ̀ ògùrọ̀ tí ó fúyẹ́ tí a fi gbẹ́ lọ́rí: mo mọ gbogbo rẹ̀, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Àwọn ọmọ kan a tilẹ̀ fi wáyà ṣe sitíárì tí ó ń yí kẹ̀kẹ́ iwájú ní tòótọ́. Àmọ́ eléyín ṣòro láti fi agolo gé, láìsí eléyín kò sí jíà, kò sì sí apín-ìyípo. Ẹ̀wẹ̀, n kò ní kí òbí kọ̀ọ̀kan lọ ra ọ̀kan. Odidi ẹ̀ka ilé-ẹ̀kọ́ kan lè lo ọ̀kan ṣoṣo fún ọdún púpọ̀, nítorí pé ike náà kì í tètè gbó, bí a bá sì tú u, ó ti di tuntun fún ẹlòmíràn.

Ohun tí ó mú kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí nísinsìnyí ni pé ilẹ̀ ti yí lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó fi mọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, èkejì sì tẹ̀ lé e ní 1990 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóbùlúyì; ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí, iṣẹ́ ribiribi sì ni. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà fagi lé e. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, sọ pé àwọn agbègbè tí ó lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò àṣekágbá.

A lè kọ ìwé ìfẹ̀hónúhàn, ó sì yẹ kí a kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó lè lé Yorùbá kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lónìí, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ bí a ti ń tú àpótí jíà, wọ́n ń mọ ìdí tí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi kò fi fà, wọ́n ń díwọ̀n, wọ́n ń ṣírò, Yorùbá sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní Ẹ̀pẹ́ kan náà ni ẹ̀ka ìmọ̀-ẹ̀rọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, níbi tí a ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ohun kan náà ní ọ̀nà tí ó jinlẹ̀ jù. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ pọ̀ àfi bí ọkọ̀ olùkọ́ bá bàjẹ́. Bí ìwé àtìgbàdégbà wa bá ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìgbọ́ tẹnu ìsọ̀, èdè ẹ̀rọ kẹta ni a ń dá sílẹ̀ yẹn, kò sì ní sí ẹni tí yóò máa sọ ọ́ yàtọ̀ sí àwa tí a kọ ọ́. Èyí ni ó ń bà mí lẹ́rù ju ìfagilé ìlànà lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ olóòtú kò pọ̀. Kí a má ṣe tẹ àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí ẹ̀rọ kankan jáde mọ́ láìjẹ́ pé ènìyàn méjì ti fi í to nǹkan, tí ọ̀kan kọ ẹ̀yìn sí èkejì. Kí a gbé egungun ọkọ̀ kan, èyí tí a kò bò, lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ àdáṣe ní ọgbà Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ẹ̀pẹ́, nítorí pé àwọn ni yóò dúró níwájú ọmọdé. Kí a gbé e lọ sí Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkòròdú. Kí a sì gbé e lọ sí ìsọ̀ mẹkáníìkì ní ìlú méjèèjì. Títì kan náà ni ó so wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ èrò kan lè ru onímọ̀ èdè, àpótí ike rẹ̀ àti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gbà fún un.

Kí wọ́n bá mi wá orúkọ fún ohun méjì bí wọ́n bá ń lọ. Àkọ́kọ́ ni ìsopọ̀ tí ó jẹ́ kí ọ̀pá tẹ̀ kọ́rọ́ síbẹ̀ kí ó máa yí lọ, èyí tí ó wà lábẹ́ gbogbo lọ́rí láàárín jíà àti kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn. "Oríkèé ọ̀pá" ni mo ń pè é, mo sì rò pé yóò dúró. Èkejì ni eléyín tí kò ní ju eyín kan ṣoṣo lọ, èyí tí ó lọ́ yí ara ọ̀pá ká bí ìtàkùn ti í gun igi. Ìgbà 24 ni yóò yípo kí eléyín 24 tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Òun lè yí eléyín, ṣùgbọ́n eléyín kò lè yí i padà, ìdí sì nìyẹn tí ẹrù tí a fi í gbé sókè kì í fi í já bọ́. Àwọn Òyìnbó fi aràn sọ ọ́ lórúkọ. Aràn kò bá a mu lójú mi, nítorí pé aràn kì í dá ẹnikẹ́ni dúró. "Eléyín onítàkùn" ni mo ní lọ́wọ́, n kò sì tíì rí ẹni tí ó gé e kúrú sí ohun tí ó dùn létí. Ọmọ iṣẹ́ ní Sábó ní kí n fún òun di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.